Ta ló yẹ kó fi mítà omi sílé yín? Bí ìlú New York ṣe ń gbé iṣẹ́ náà fún púlọ́ńbà oníláísẹ́ǹsì

Ní yàrá abẹ́ ilé ní ọ̀pọ̀ ilé ìlú New York, níbi tí páìpù omi ti gba ara ògiri wọlé láti abẹ́ títì, ẹ óò rí nǹkan kan tí kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ kékeré lọ. Idẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti aago, pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń yí. Mítà omi nìyẹn. Kì í pariwo, kì í gba àyè, ọ̀pọ̀ onílé kì í sì í rántí rẹ̀ títí bíìlì á fi dé.

Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kékeré wò ó o. Iye tó bá kà ni onílé máa san. Tí onílé kò bá san, gbèsè náà kì í dúró sọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́ nìkan, ó ti so mọ́ ilé yẹn nìyẹn. Tí gbèsè bá pọ̀ dé ibi tí òfin sọ, ìjọba ìlú lè tà á fún ẹlòmíràn, ẹni tó ra gbèsè yìí sì lè lọ sílé ẹjọ́ kó ní kí wọ́n ta ilé náà kí òun lè rí owó òun gbà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Bronx, Brooklyn àti Staten Island, tí wọ́n ti fi òógùn ojú ra ilé síbẹ̀, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè yìí fi ṣe pàtàkì: ta ló yẹ kó fi mítà náà síbẹ̀? Ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni, àbí kí onílé lè mú púlọ́ńbà tirẹ̀ wá? Ní New York, méjèèjì ló wà. Àjọ tó ń bójú tó omi lè rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tàbí kọngílá rẹ̀ wá, onílé náà sì lè gba púlọ́ńbà, bí púlọ́ńbà náà bá ṣáà ti ní láísẹ́ǹsì tó sì gba ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ yẹn gan-an. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tó ti dára, ibi tó ti lè yíwọ́, àti ohun tí àwa tó wà nílé lè rí kọ́ níbẹ̀.

Kí mítà tó dé: fífẹ̀ ilé ni wọ́n ń wò

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé ìtajà àti ilé iṣẹ́ ló ní mítà omi ní New York. Ilé gbígbé kò ní. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ iye tí onílé máa san? Wọ́n á wọn bí iwájú ilé ṣe fẹ̀ tó, wọ́n á ka àjà tó ní, wọ́n á ka iye ìdílé tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n á tún ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìwẹ̀. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye tó bá jáde ni onílé máa san lọ́dọọdún, yálà ó lo omi, yálà kò lò ó.

Ẹ̀yin náà ẹ wo ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ìyá àgbà tó ń dá gbé ilé, tí kì í ju garawa méjì lọ lójúmọ́, lè máa san iye kan náà pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ tó ní ọmọ mẹ́fà, tí táàpù rẹ̀ sì ń jò láti ọjọ́ Àìkú dé ọjọ́ Àìkú. Kò sí ìdí kankan tí ẹni tí táàpù rẹ̀ ń jò fi máa pe ẹni tó máa tún un ṣe, nítorí kò ná an ní kọ́bọ̀.

Nígbà tó di ọdún 1979, ìlú náà ń lo omi tó tó bílíọ̀nù kan ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ tún bá wọn jà léraléra ní àwọn ọdún 1980. Omi tí New York ń mu ń ti ibi tó jìnnà tó 125 máìlì wá, láti inú adágún mọ́kàndínlógún tí wọ́n fi ìdídò ṣe sí àríwá ìlú. Láti wá adágún mìíràn kún un, owó gọbọi ni. Ìjọba ìlú wá wò ó pé ó sàn kí àwọn kọ́kọ́ dá ìfiṣòfò dúró. Ní ọdún 1988, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ní kí gbogbo ilé ní mítà.

Lónìí, ìlú náà ń lo nǹkan bíi bílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù lójúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò ibẹ̀ ti kúrò ní mílíọ̀nù méje tó wà ní 1980, ó ti di mílíọ̀nù 8.8 nígbà ìkànìyàn ọdún 2020. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, kì í ṣe mítà nìkan ló ṣe é. Láàárín 1994 sí 1997, ìjọba ìlú san owó ìrànwọ́ tí wọ́n fi pààrọ̀ ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 1.3, wọ́n yọ èyí tó ń gba omi púpọ̀, wọ́n fi èyí tí kì í gba púpọ̀ dípò. Wọ́n tún ń wá ibi tí páìpù ti ń jò lábẹ́ títì. Ṣùgbọ́n mítà ló jẹ́ kí onílé kọ̀ọ̀kan rí ohun tó ń lò lójú ara rẹ̀.

Ta là ń pè ní púlọ́ńbà oníláísẹ́ǹsì?

Nílé níbí, ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi gọ́ọ̀mù lẹ páìpù, púlọ́ńbà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ dáadáa, a ò bú wọn. Ṣùgbọ́n ní New York, òfin kò jẹ́ kí ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì gba iṣẹ́ omi ilé ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì ọ̀gá púlọ́ńbà, àwọn tó bá ń bá a ṣiṣẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Láísẹ́ǹsì yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rà lọ́jà. Ẹ̀ka ìjọba ìlú tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ló ń fún ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á sábà gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún méje, ó kéré tán, láàárín ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú, lábẹ́ ẹni tó ti ní láísẹ́ǹsì. Lẹ́yìn náà ló máa ṣe ìdánwò oníwèé, á tún ṣe ti ọwọ́, níbi tí wọ́n á ti wo bó ṣe ń so páìpù lójú wọn. Wọ́n á yẹ ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá wò. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò, pé bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ba ilé oníilé jẹ́, owó wà láti fi tún un ṣe. Ó ní èdìdì tirẹ̀ tó ń lù sára ìwé. Kódà ara ọkọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà láísẹ́ǹsì rẹ̀ lára.

Onílé tí ara bá ń fu lè wo nọ́ńbà láísẹ́ǹsì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kó pe 311, ìyẹn nọ́ńbà fóònù tí gbogbo ará ìlú fi ń bá ìjọba ìlú sọ̀rọ̀. Wọ́n á sọ fún un bóyá láísẹ́ǹsì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkàn ọ̀rọ̀ náà nìyí. Láísẹ́ǹsì ń sọ pé ẹni yìí mọ iṣẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń sọ ibi tí wọ́n ti lè rí i mú lọ́la tí omi bá ń jò. Púlọ́ńbà tó mọ̀ pé àṣìṣe kan lè gba iṣẹ́ ọdún méje lọ́wọ́ òun kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ọ̀rọ̀ mítà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká kàn gé páìpù ká sì fi nǹkan bọ àárín rẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó wà níbẹ̀ rèé:

Àkọ́kọ́, ìwé àṣẹ. Kí púlọ́ńbà tó fi mítà síbẹ̀, kó tó ṣí i kúrò, kó tó gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó omi àti àyíká ní ìlú náà, tí wọ́n ń pè ní DEP. Ilé kan, ìwé àṣẹ kan.

Èkejì, irú mítà. Kò lè ra èyí tó bá wù ú. DEP ní ìwé tí wọ́n kọ irú àwọn mítà tí wọ́n fọwọ́ sí sí. Èyí tí kò bá sí nínú rẹ̀, wọn ò ní gbà á.

Ẹ̀kẹta, ìwọ̀n. Páìpù ilé kan kò rí bíi ti èkejì. Mítà ilé kékeré sábà máa ń wà láàárín ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ ínṣì sí ínṣì kan. Tó bá kéré jù, omi ò ní fi agbára jáde. Tó bá tóbi jù, omi tó ń kán tótó lè gba inú rẹ̀ kọjá kó má kà á.

Ẹ̀kẹrin, ibi tó máa wà. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí páìpù ti wọlé gan-an ni, kó tó di pé páìpù kankan yà kúrò lára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: bí ẹ̀ka kan bá ti yà kí omi tó dé mítà, omi ọ̀fẹ́ nìyẹn. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sé omi máa ń wà níwájú mítà àti lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè yọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n gbẹ́ títì. Ọfà kan wà lára mítà tó ń fi ọ̀nà tí omi ń gbà hàn, púlọ́ńbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹ̀karùn-ún, èsì. Tí iṣẹ́ bá parí, púlọ́ńbà á dá ìròyìn padà sí DEP: nọ́ńbà ara mítà, ìwọ̀n rẹ̀, iye tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í síbẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò lè wá wò ó. Wáyà àti èdìdì máa ń wà lára rẹ̀, ẹni tó bá já a láìgbàṣẹ ti rú òfin.

Fún ilé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, onílé ló máa gba púlọ́ńbà tó sì máa san owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa dúró kí òṣìṣẹ́ ìjọba wá nígbà tí púlọ́ńbà oníláísẹ́ǹsì ti wà nínú ilé náà, tó ń so páìpù yòókù.

Ohun tí ìjọba ìlú kò fi sílẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nìyí. Wọ́n á ní, "Ṣé wọ́n ti ta iṣẹ́ omi fún aládàáni nìyẹn?" Rárá o. Fífi síbẹ̀ nìkan ni wọ́n fi lé púlọ́ńbà lọ́wọ́. Omi ṣì jẹ́ ti ìlú. Ìgbìmọ̀ kan tí òfin ọdún 1984 dá sílẹ̀ ló ń pinnu iye tí wọ́n ń ta omi, gbogbo ará ìlú sì lè lọ sọ tẹnu wọn níwájú ìgbìmọ̀ náà kí wọ́n tó fi kún owó. Kíka mítà àti kíkọ bíìlì, DEP ló ń ṣe é.

Ẹni tó fi mítà síbẹ̀ kọ́ ló ń kà á. Èyí dára púpọ̀, nítorí púlọ́ńbà tí onílé sanwó fún lè fẹ́ ṣe onílé lóore, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi náà sì lè fẹ́ kí mítà sáré. Nígbà tí ọwọ́ méjì bá wà níbẹ̀, èkíní á máa ṣọ́ èkejì.

Láti ọdún 2009, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àwọn mítà wọ̀nyí tó ń fi iye tó wà lójú rẹ̀ ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́, ìgbà mélòó kan lójúmọ́. Tẹ́lẹ̀, ènìyàn ló ń wá kà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Tí kò bá bá onílé nílé, wọ́n á fojú bù ú. Nísinsìnyí, onílé lè wo iye omi tó lò lánàá lórí fóònù rẹ̀, ó sì lè forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n máa ta á lólobó tí omi bá ń lọ jù bó ṣe yẹ. Àmọ́ bátìrì ẹ̀rọ yìí kì í wà títí ayé. Tó bá kú, fífojú bù tún dé nìyẹn títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ìṣirò owó: ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀

Mítà New York kì í ka gálọ́ọ̀nù. Ẹsẹ̀ onígun mẹ́rin mẹ́rin ló ń kà, ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì ni wọ́n ń pè ní ẹyọ kan nínú bíìlì. Ẹyọ kan jẹ́ 748 gálọ́ọ̀nù. Tí a bá yí i sí lítà, ó tó nǹkan bíi 2,830. Ẹ ronú táǹkì aláwọ̀ dúdú oní 1,000 lítà tó wà lẹ́yìn ilé wa: ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kún mẹ́ta irú rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé lẹ́nu. Owó omi tó wọlé nìkan kọ́ ni wọ́n ń san. Omi tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde, owó omi ìdọ̀tí tó ń jáde sì jẹ́ ìdá 159 nínú ọgọ́rùn-ún owó omi tó wọlé. Ìyẹn ni pé tí omi bá jẹ́ dọ́là kan, omi ìdọ̀tí á jẹ́ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 59. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là méjì àti sẹ́ǹtì 59.

Ẹ wá wo ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tó ń jò. Ó lè fi 200 gálọ́ọ̀nù ṣòfò lójúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì oní lítà 25 tó ọgbọ̀n nìyẹn, lójoojúmọ́, láìsí ẹni tó mu ún. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó di 6,000 gálọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ mẹ́jọ nínú bíìlì, pẹ̀lú owó omi ìdọ̀tí lórí rẹ̀. Ní ilé tí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta ń gbé, mítà kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà fún gbogbo ilé, onílé ló sì ń san owó náà. Ayálégbé tí kò rí bíìlì lè má rí ìdí tó fi yẹ kó sọ pé nǹkan ń jò.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín nìyí: ẹ ti gbogbo táàpù, ẹ má fọ aṣọ, ẹ má lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ wá lọ wo ojú mítà. Àmì kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń yí bí omi tilẹ̀ kéré. Tó bá ń yí, omi ń lọ síbì kan. Èyí kan náà ló ṣiṣẹ́ fún mítà omi níbikíbi láyé.

Ibi tó ti lè yíwọ́

Ewu méjì wà tí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kò ní mọ̀.

Ti àkọ́kọ́ ni iná mànàmáná. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, páìpù omi onírin tó wọ ilẹ̀ lọ ni wọ́n so wáyà ilẹ̀ mọ́, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣáko wọ inú ilẹ̀. Tí ènìyàn bá kàn gé páìpù láti fi mítà sí i, ó ti gé ọ̀nà yẹn nìyẹn. Iná lè gbé òun fúnra rẹ̀ níbi tó ti di páìpù mú lọ́wọ́ méjèèjì, ilé náà sì lè wà láìní ààbò lẹ́yìn tó bá lọ. Púlọ́ńbà tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ rí i dájú pé wáyà kan ré mítà kọjá, láti páìpù tó wà níwájú dé èyí tó wà lẹ́yìn.

Ewu kejì ni òjé. Ìtàn ìlú Chicago ló jẹ́ ká mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ìlú yẹn, òfin ilé kíkọ́ ní kí wọ́n máa fi páìpù òjé gbé omi wọ àwọn ilé kékeré títí di ọdún 1986, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fòfin de òjé. New York ti fòfin de irú páìpù yìí ní tirẹ̀ láti 1961. Ní ọdún 2009, Chicago bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi ń fi mítà sí ilé lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́, wọ́n tilẹ̀ ṣèlérí pé fún ọdún méje, owó onítọ̀hún kò ní ju èyí tí ì bá san láìsí mítà.

Ètò dára, àbí? Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gé páìpù, tí wọ́n ń mì ín, òjé tó ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ lè ṣí kúrò kó bá omi lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ní 2018, ìjọba ìlú náà sọ ọ́ síta pé nínú ilé 296 tó ní mítà tí wọ́n yẹ omi wọn wò, òjé pọ̀ ju bó ṣe yẹ nínú 51. Ní oṣù keje ọdún 2019, olórí ìlú náà nígbà yẹn, Lori Lightfoot, dá fífi mítà sílé dúró. Òjé kò dára fún ọpọlọ ọmọdé, kò sì ní òórùn, kò ní adùn tí ènìyàn fi lè dá a mọ̀ nínú omi.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ètò ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ni ti Chicago yìí. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ti ìjọba ló dára jù tàbí ti aládàáni ló dára jù. Ẹnikẹ́ni tó bá máa gé páìpù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú páìpù tó fẹ́ gé, kó sọ òótọ́ fún onílé, kó sì jẹ́ kí omi dà dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Níbi tí páìpù bá ti jẹ́ òjé, kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ pátá ló sàn jù.

Ohun tí tọ̀tún tòsì ń sọ

Àwọn tó fara mọ́ ọn pé kí púlọ́ńbà oníláísẹ́ǹsì máa fi mítà síbẹ̀ ní àwíjàre mẹ́ta. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba kéré, ilé sì pọ̀, kí ni ìdí tí ènìyàn fi máa dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù? Wọ́n ní onílé á lè bi púlọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta léèrè iye, kó mú èyí tó bá apò rẹ̀ mu. Wọ́n tún ní púlọ́ńbà tó wá fi mítà síbẹ̀ lè bá onílé tún ohun tó ń jò ṣe lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn tí ara ń fu náà ní tiwọn. Wọ́n ní owó iṣẹ́ á bọ́ sórí onílé, ẹni tí kò lówó á sì máa sá fún un. Wọ́n ní púlọ́ńbà àti onílé lè mọ̀ ọ́n pọ̀ kí wọ́n fi páìpù kọ̀rọ̀ ré mítà kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì sábà máa ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ní tèmi, mo rò pé ìhà méjèèjì ní òótọ́ lẹ́nu. Ohun tó ń ya ètò tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára ni ohun tó wà lẹ́yìn láísẹ́ǹsì: ìwé àṣẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan, àyẹ̀wò tí kò ní màgòmágó, ẹlòmíràn tó ń kà á, àti ibi tí onílé lè lọ fẹjọ́ sùn tí wọ́n á sì gbọ́. Ẹ yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wó.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa nílé

Ọ̀rọ̀ mítà kò ṣàjèjì sí wa. Gbogbo wa la mọ fífojú bu owó iná. Èmi tí mò ń kọ èyí ti gba bíìlì iná rí fún oṣù kan tí a kò rí iná ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Mo lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san án ná. Ìdí nìyẹn tí inú ọ̀pọ̀ ènìyàn fi dùn nígbà tí àjọ NERC, tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé òfin kan jáde ní 2018 tó fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, yàtọ̀ sí àwọn tó ń pín iná, láyè láti máa fi mítà sílé àwọn ènìyàn. Èrò kan náà pẹ̀lú ti New York nìyẹn: kí ẹni tó ń ta ọjà má ṣe nìkan di òṣùwọ̀n mú.

Tí a bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún omi ní àwọn ìlú wa, ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ rántí. Ní New York, omi kì í lọ. Tọ̀sán tòru ni páìpù kún. Níbi tí omi ti ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ló máa ń kún inú páìpù, nígbà tí omi bá sì ń bọ̀, ó máa tì afẹ́fẹ́ yẹn síwájú. Ọ̀pọ̀ mítà kò mọ ìyàtọ̀. Afẹ́fẹ́ á yí i, á sì kà á bí omi. Onílé á wá sanwó atẹ́gùn. Nítorí náà, kí omi kọ́kọ́ máa wá déédéé, kí mítà tó tẹ̀ lé e.

Ohun kejì ni pé a ní púlọ́ńbà, wọ́n pọ̀ ládùúgbò gbogbo, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún gbọọrọ. Tí ìjọba bá dán wọn wò, tó fún wọn ní nọ́ńbà tí ènìyàn lè yẹ̀ wò lórí fóònù, tó sì ń fìyà jẹ ẹni tó bá ṣe màgòmágó, iṣẹ́ á wà fún ọ̀dọ́, onílé náà á sì mọ ẹni tó lè dì mú.

Ní kúkúrú

Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan páìpù ilé yín, yálà ní New York tàbí níbòmíràn tí irú òfin yìí wà, ẹ bi í léèrè nǹkan márùn-ún:

1. Kí ni nọ́ńbà láísẹ́ǹsì yín? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan gbọ́.
2. Ìwé àṣẹ fún ilé yìí dà?
3. Irú páìpù wo ló wọlé wa? Ṣé òjé ni?
4. Wáyà ilẹ̀ ń kọ́? Báwo lẹ ṣe máa ṣe é?
5. Iye wo ló wà lójú mítà lónìí? Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ti mítà àtijọ́ kí wọ́n tó yọ ọ́, àti ti tuntun tí wọ́n bá fi síbẹ̀ tán.

Fọ́tò méjì yẹn kò ná yín ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí bíìlì bá dé tó ga ju orí lọ, òun ni ẹlẹ́rìí yín. Bí ẹ bá ní ẹbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé sí òkè òkun, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kó kà á kí púlọ́ńbà tó kan ilẹ̀kùn.